Kíkọ́ ọmọ SS3 nípa ìtànṣán inú ilẹ̀ àti sísin pàǹtí núkílíà: kí la lè fi hàn wọ́n ní kíláàsì?

TíṣàFísíìsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Físíìsì ni mò ń kọ́ ní SS3, a sì ti dé orí radioactivity. Ìwé kíláàsì kò ju alpha, beta, gamma àti ìṣirò half-life (àkókò tí ìdajì átọ́ọ̀mù fi ń tú ká) lọ. Àwọn ọmọ ń ṣe ìṣirò náà dáadáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé inú bọ́ǹbù àti ilé ìwòsàn nìkan ni ìtànṣán ti ń wá. Ìbéèrè tí wọ́n sì ń bi mí kò sí nínú ìwé: níbo ni wọ́n ń kó pàǹtí ilé iṣẹ́ iná núkílíà sí? Bí wọ́n bá sin ín, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní jáde?

Mo fẹ́ ya pẹ́ríọ̀dù alápapọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ fún un. Ohun tó wà lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ Geiger kékeré kan tó ń ka ìtànṣán, tó ń lo táàbù SBM-20, òṣùwọ̀n gíráàmù kan, àti sílíńdà 100 ml mẹ́rin. Kò sí orísun ìtànṣán kankan ní láàbù, n kò sì fẹ́ èyíkéyìí tó máa ní kí n lọ gba ìwé àṣẹ. Kí ni àwọn ọmọ lè wọ̀n fúnra wọn? Báwo ni mo ṣe lè fi sísin pàǹtí sínú àpáta hàn wọ́n láìṣe pé mo kàn ń ka ìwé fún wọn?

AkọÒkúta

Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Akọ òkúta irú èyí tó wà ní Abẹ́òkúta àti Ìdànrè máa ń ní uranium gíráàmù 3 sí 5 nínú tọ́ọ̀nù kan, thorium inú rẹ̀ a sì tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò rẹ̀: akọ òkúta tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga wúwo tó tọ́ọ̀nù 2.7, nítorí náà bíi gíráàmù 10 uranium wà nínú rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ fún bíi 600 mílíọ̀nù ọdún. Ìṣirò yìí á wúlò fún yín nígbà tí ẹ bá dé orí pàǹtí.

Àmọ́ ẹ má ṣe gbé òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ SBM-20 kí ẹ máa retí pé nọ́ńbà á fò sókè. Táàbù yẹn kéré jù, ìyàtọ̀ náà á sì sọnù sínú ìtànṣán àyíká. Potassium lẹ máa lò. Nínú gbogbo potassium tó wà láyé, 0.0117% rẹ̀ ni potassium-40, half-life rẹ̀ sì jẹ́ bílíọ̀nù 1.25 ọdún. Nínú gíráàmù potassium kan, átọ́ọ̀mù bíi 31 ló ń tú ká ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 31 Bq (becquerel). Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ajílẹ̀, kí ẹ ra MOP, ìyẹn potassium chloride. Ìdajì ìwúwo rẹ̀ ni potassium, torí náà bíi 15 Bq ló wà nínú gíráàmù kan. NPK 15-15-15 náà ní in, ṣùgbọ́n kò ju bíi 4 Bq lọ nínú gíráàmù kan.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ wọn 200 g MOP sínú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ títí yóò fi nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan péré. Ẹ dá táàbù náà dùbúlẹ̀ lókè rẹ̀, kí àlàfo àárín wọn má ju mílímítà 5 lọ. Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ kó o jọ bí òkìtì, wọ́n rò pé bó bá ti ga tó ni nọ́ńbà á ti pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí beta tó wá láti ibi tó jìn ju bíi mílímítà 5 lọ kì í lè jáde kúrò nínú ajílẹ̀ náà. Fífẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni kíkà fún ìṣẹ́jú kan péré. Ká ní ìtànṣán àyíká jẹ́ 20 ní ìṣẹ́jú kan. Gbòǹgbò (square root) 20 jẹ́ bíi 4.5, nítorí náà 16 lè jáde, 24 náà sì lè jáde, láìsí ohun kankan tó yí padà. Bí ẹ bá kà fún ìṣẹ́jú 10, ẹ ó rí bíi 200, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 14, ìyẹn ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ka ìṣẹ́jú 10 láìsí ajílẹ̀, ìṣẹ́jú 10 pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ tún padà ka láìsí i. Bí ìyàtọ̀ náà kò bá ju gbòǹgbò lọ ní ìlọ́po méjì ó kéré tán, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí nǹkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àwo mẹ́ta kalẹ̀, kí ìwúwo wọn dọ́gba: iyọ̀ ọbẹ̀, kánún, àti eérú èèpo kòkó tí àwọn ọlọ́ṣẹ fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Kí wọ́n kọ àbá sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ á ní kánún ló máa ka jù. Sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú kánún, sódíọ̀mù inú ilẹ̀ kì í sì tan ìtànṣán, nítorí náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí iyọ̀. Eérú kòkó ló máa gbé nọ́ńbà sókè, torí igi kòkó ti fa potassium jọ sínú èèpo rẹ̀. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sun di eérú náà dára.

Nǹkan mẹ́ta tí ẹ kò gbọ̀dọ̀ lò: màńtù àtijọ́ ti àtùpà gáàsì tó ní thorium, americium inú ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín, àti ojú aago àtijọ́ tí wọ́n fi radium kùn. Gbogbo wọn lè di eruku tí ọmọ á fà símú. Potassium wà nínú oúnjẹ wa. Ènìyàn tó wúwo tó 70 kg ní bíi 4,400 Bq rẹ̀ nínú ara.

TíṣàFísíìsì

Ẹ ṣeun gan-an. Ti eérú kòkó yẹn á dùn mọ́ wọn. Half-life ńkọ́? Potassium-40 kò ní dín kù lójú wa.

Ìyáa_Láàbù

Rádọ́ọ̀nù ni kí ẹ fi ṣe é, tíṣà, nítorí inú uranium inú òkúta ló ti ń jáde, ó sì ń wọ inú yàrá láti ilẹ̀. Half-life rádọ́ọ̀nù-222 jẹ́ ọjọ́ 3.8. Ẹ fẹ́ bàlúù kan, ẹ fi aṣọ onírun tàbí irun orí pa á lára dáadáa kí iná ara rẹ̀ lè gbéra, kí ẹ so ó rọ̀ sí yàrá ìkẹ́rùsí kan ní ìsàlẹ̀ ilé. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé yàrá náà ti gbọ́dọ̀ wà ní títì láti àná. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, ẹ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ẹ ká a mọ́ra, kí ẹ sì fi sí abẹ́ táàbù. Ẹ máa kọ iye tó kà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún fún wákàtí kan. Ohun tó lẹ̀ mọ́ bàlúù ni àwọn ọmọ rádọ́ọ̀nù, lead-214 tó ní half-life ìṣẹ́jú 27 àti bismuth-214 tó ní ìṣẹ́jú 20. Nítorí pé ọ̀kan ń bí èkejì, àpapọ̀ wọn máa ń dín sí ìdajì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45. Bí ẹ kò bá rántí láti yọ ìtànṣán àyíká kúrò, ìlà tí ẹ máa yà kò ní sọ̀ kalẹ̀ dáadáa.

Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ máa ń gba iná ara bàlúù kúrò kí ó tó kó nǹkan jọ. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ lúfà kò ní mú nǹkan wá, nítorí afẹ́fẹ́ ti gbé rádọ́ọ̀nù náà lọ.

Bí bàlúù bá kọ̀, ẹ lo ṣúgà onígun mẹ́rin tàbí igi wẹ́wẹ́ tí káfíńtà gé bí dáìsì. Ẹ kun ojú kan ṣoṣo nínú ojú mẹ́fà. Ẹ da 100 sílẹ̀, ẹ yọ gbogbo èyí tí ojú kíkùn rẹ̀ wà lókè, ẹ ka ìyókù, ẹ tún dà á. Ohun tí ẹ máa retí ni 83, 69, 58, 48, 40. Half-life ìdàsílẹ̀ yìí jẹ́ 3.8, ó sì bá ọjọ́ 3.8 ti rádọ́ọ̀nù mu rẹ́gí, nítorí átọ́ọ̀mù rádọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní ìdá kan nínú mẹ́fà láti tú ká lójúmọ́ kan. Ìdàsílẹ̀ kan dúró fún ọjọ́ kan. Ìlà ẹgbẹ́ kan ṣoṣo á máa ṣe ségesège. Ẹ ro ti gbogbo ẹgbẹ́ pọ̀, á sì jọ̀lọ̀. Kí ẹ bi wọ́n léèrè èyí tí ojú rẹ̀ máa yọ lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ a mọ iye tó máa kù.

AbẹÀpáta

Mo fẹ́ bọ́ sórí ti pàǹtí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ fi darí gbogbo ẹ̀kọ́ náà: báwo ló ṣe lè padà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn? Pàǹtí tó ti wà nísàlẹ̀ àpáta kò ní ẹsẹ̀, omi nìkan ló lè gbé e. Bí ọmọ bá ti di èyí mú, á lè wo ibi ìsìnkú pàǹtí èyíkéyìí kó sì béèrè ohun tó tọ́. Àwọn tó ń kọ́ ọ pé jíjìn ilẹ̀ ló ń dá ààbò bò wá ń ṣì wọ́n lọ́nà.

Ẹ fi Onkalo, ibi ìsìnkú pàǹtí núkílíà, ṣe àpẹẹrẹ. Erékùṣù Olkiluoto ní Finland ló wà, nínú àpáta tó ti tó bílíọ̀nù 1.9 ọdún, ní nǹkan bí mítà 430 sísàlẹ̀. Ọdún 2015 ni ìjọba fún wọn ní àṣẹ láti kọ́ ọ. Ẹ ya ìdènà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú pátákó, kí ẹ sì kọ ọ̀tá kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òye wà.

Èkíní ni èédú (fuel) inú ríákítọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú iná núkílíà jáde, fúnra rẹ̀. Kì í ṣe omi aláwọ̀ ewé bí wọ́n ṣe ń yà á nínú fíìmù. Nǹkan líle bí ìkòkò tí wọ́n sun ni, uranium oxide, ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Omi tí kò ní ọ́síjìn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lè yọ́ ọ, àmọ́ omi tó ní ọ́síjìn lè ṣe é. Èkejì ni àgbá bàbà tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, tí irin wà nínú rẹ̀ kó má bàa tẹ̀ wọlé. Bàbà kì í dípẹtà nínú omi tí kò ní ọ́síjìn. Ọ̀tá rẹ̀ ni sulphide. Ẹ̀kẹta ni amọ̀ bentonite tí wọ́n fi yí àgbá náà ká. Bí omi bá kàn án, ó máa ń wú títí á fi dí gbogbo àlàfo, omi kò sì ní lè ṣàn mọ́. Ooru tó ju 100 °C lọ kò dára fún un, ìdí sì nìyẹn tí èédú náà fi ní láti tutù nínú adágún omi fún ẹ̀wádún mélòó kan kí wọ́n tó sin ín. Àpáta ni ẹ̀kẹrin. Sweden náà ń lo ọ̀nà kan náà ní Forsmark, iṣẹ́ ìkọ́lé sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní January 2025. Faransé yan ilẹ̀ amọ̀ ní Bure ní tirẹ̀.

Bentonite lẹ lè gbé wá sí kíláàsì. Àwọn tó ń gbẹ́ borehole ń lò ó, ẹ lè ra díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti pò ó mọ́ pólímà, nítorí ìyẹn á yí èsì padà. Ìdánwò wíwú nìyí: ẹ rọ omi 100 ml sínú sílíńdà, ẹ wọn 2 g bentonite gbígbẹ, kí ẹ máa wọ́n ọn sójú omi ní tín-ín-rín tín-ín-rín. Ẹ má tíì wọ́n òmíràn títí èyí tó wà lójú omi á fi rì. Bí ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, á di kókó tí inú rẹ̀ gbẹ, ẹ ó sì ka nọ́ńbà tí kò tọ́. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bentonite dáadáa tó jẹ́ ti sódíọ̀mù á gbà ju 20 ml lọ. Ẹ fi amọ̀ funfun ṣe nínú sílíńdà kejì, kò ní ju mílílítà díẹ̀ lọ. Nínú ẹ̀kẹta, ẹ kọ́kọ́ yọ́ 3.5 g iyọ̀ sínú omi náà, ẹ ó sì rí i pé bentonite kan náà kò wú tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi abẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó yan ibi ìsìnkú.

Ìdánwò kejì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gé ìdí ike omi 75 cl, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ fi òwú dí ọrùn rẹ̀, kí ẹ lu ihò mílímítà 3 sí ìdérí. Nínú ọ̀kan, ẹ kó 300 g yanrìn tí ẹ ti fọ̀ sí i. Nínú èkejì, ẹ po 270 g yanrìn gbígbẹ mọ́ 30 g bentonite. Ẹ má lo bentonite nìkan, omi kò ní kọjá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn ọmọ á sì rò pé ìdánwò ti kú. Ẹ gbé ike náà sínú abọ́ omi kí ó máa fa omi láti ìsàlẹ̀ wá, kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Lẹ́yìn náà ẹ po ẹ̀kán 5 GV (gentian violet) tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì sínú omi 100 ml, ẹ dà á sí i láti òkè. Ẹ ṣe ike méjì mìíràn, kí ẹ fi àwọ̀ pupa tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ ṣe tiwọn.

GV á dúró sí sẹ̀ǹtímítà òkè nínú ike tó ní bentonite. Àwọ̀ pupa á rọra kọjá. Ojú amọ̀ ní iná òdì (negative), GV ní iná rere (positive), nítorí náà wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Àwọ̀ pupa ní iná òdì bíi ti amọ̀, nítorí náà amọ̀ kò gbà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló rí nísàlẹ̀: caesium àti strontium ní iná rere, amọ̀ á dá wọn dúró, iodine-129 ń rìn nínú omi pẹ̀lú iná òdì, half-life rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù ọdún 15 ó lé. Ìdí nìyẹn tí iodine-129 fi máa ń yọrí jù nínú ìṣirò ààbò wọn, nígbà tí plutonium tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan.

Bí àwọ̀ bá yára kọjá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ike ló gbà, kì í ṣe inú amọ̀. Ẹ fi sáńpépà ha inú ike náà kí ẹ tó kó nǹkan sí i, kí ẹ sì fi bentonite rírọ̀ lẹ etí rẹ̀ yíká. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, GV kì í tètè lọ lára.

TíṣàFísíìsì

Ẹ̀yin ọ̀gá yìí, ẹ ṣé o. Ọmọ kan á ṣì sọ pé, "Ẹnikẹ́ni kò tíì gbé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ọdún láti rí i." Kí ni mo máa sọ?

AbẹÀpáta

Ẹ sọ ti Oklo fún wọn, ibi tí wọ́n ti ń wa uranium nígbà kan ní Gabon. Ní 1972, àwọn ará Faransé ní Pierrelatte rí i pé uranium-235 inú uranium tó wá láti ibẹ̀ jẹ́ 0.717% dípò 0.720%. Wọ́n tọ́pasẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi mọ̀ pé ríákítọ̀ ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fúnra rẹ̀ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn, tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń mú kó tàn, tí ooru sì ń mú kó kú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò ìdí tó fi ṣeé ṣe nígbà yẹn: half-life uranium-235 jẹ́ mílíọ̀nù 704 ọdún, ti uranium-238 jẹ́ mílíọ̀nù 4,468. Bí wọ́n bá padà sẹ́yìn ní mílíọ̀nù 2,000 ọdún, ti 235 á di ìlọ́po 7.2, ti 238 á di ìlọ́po 1.36, ìdá 235 á sì jẹ́ bíi 3.7%. Èédú ríákítọ̀ òde òní jẹ́ 3 sí 5%. Plutonium tó ṣẹ̀dá níbẹ̀ tú ká sí ojú kan náà tó wà.

ẸṣọÌtànṣán

Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ má fi Oklo ṣe ẹ̀rí tó parí ọ̀rọ̀. Caesium, strontium àti púpọ̀ nínú àwọn gáàsì kúrò níbẹ̀, kò sì sí àgbá bàbà ní Oklo. Ó fi hàn pé àwọn ohun kan lè dúró pẹ́, kò fi hàn pé ibi ìsìnkú kan pàtó kò ní kùnà. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ gbangba, wọ́n á gbẹ́kẹ̀ lé yín sí i.

Ẹ tún sọ ti WIPP fún wọn, ibi ìsìnkú pàǹtí núkílíà ní New Mexico, Amẹ́ríkà, nínú òkúta iyọ̀ ní mítà 655 sísàlẹ̀, tó ti ń gba pàǹtí láti 1999. Ní February 2014, àgbá kan bẹ́ níbẹ̀. Àpáta kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ti po iyọ̀ nitrate mọ́ ohun tí wọ́n fi ọkà ṣe, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ ológbò, dípò irú èyí tí wọ́n fi amọ̀ ṣe. Àwọn méjèèjì gbóná mọ́ra títí àgbá fi ya. January 2017 ni wọ́n tó ṣí i padà. Ibi tí ewu ti ń wọlé jù ni ìgbà tí ènìyàn ṣì ń fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e wá sílé, tíṣà. Nàìjíríà kò ní ilé iṣẹ́ iná núkílíà. Ríákítọ̀ ìwádìí kékeré tó wà ní Zaria, NIRR-1, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, wọ́n sì dá uranium rẹ̀ tó lágbára jù padà sí China ní 2018, wọ́n fi èyí tí agbára rẹ̀ kéré rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọ tó bá gbọ́ nílé nípa pàǹtí tí wọ́n wá dà sí ìlú Koko ní 1988 á pè é ní pàǹtí núkílíà. Pàǹtí kẹ́míkà láti Ítálì ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ìyàtọ̀. Tiwa gan-an ni àwọn orísun tí a ti lò tán: cobalt-60 ilé ìwòsàn, caesium-137 àti americium-241 tí àwọn tó ń wa epo ń sọ sínú kànga. Ní December 2002, orísun americium sọnù láàárín Warri àti Port Harcourt. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí i nínú ìdẹ́rù irin ní Jámánì. Ní Goiânia, Brazil, ní 1987, ènìyàn mẹ́rin kú nítorí caesium-137 inú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tí wọ́n fi sílẹ̀ láìsí olùṣọ́.

Iṣẹ́ àmúrelé tí mo dábàá nìyí. Half-life cobalt-60 jẹ́ ọdún 5.27, ti caesium-137 jẹ́ 30, ti americium-241 jẹ́ 432. Lẹ́yìn half-life mẹ́wàá, ìdá kan nínú 1,024 ló kù. Kí wọ́n sọ èyí tí ènìyàn lè ṣọ́ nínú ilé títí ìtànṣán rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, èyí tí wọ́n lè sin sítòsí ojú ilẹ̀, àti èyí tó gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀.

TíṣàFísíìsì

Ọdún 53, 300 àti 4,320. Mo ti rí i, ma. Pẹ́ríọ̀dù àkọ́kọ́ á jẹ́ ti MOP àti eérú, èkejì ti dáìsì. Mo máa fi bentonite sínú omi ní ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀kẹta.

AbẹÀpáta

Ẹ fi àwọn ike GV náà sínú omi ní ọjọ́ kan náà yẹn. Èyí tó ní bentonite lè tó wákàtí 24 kó tó mu omi dé òkè.